Albert Dock ní Liverpool: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ilé Ìkẹ́rùsí Tí Wọ́n Kọ́ Nítorí Iná àti Olè

Ẹni tó bá dúró létí odò Mersey ní Liverpool lónìí yóò rí àwọn ilé bíríkì gàgàrà kan tó yí omi ká, tí àwọn òpó pupa rẹ̀bẹ̀tẹ̀ gbé dúró. Ilé oúnjẹ, hòtẹ́ẹ̀lì, ibi ìnájú àti ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló kún inú wọn báyìí. Ṣùgbọ́n ẹrù ni wọ́n kọ́ wọn fún, kì í ṣe ènìyàn. Gbogbo ohun tó bá jọ àṣejù lójú ẹni lára ilé wọ̀nyí, iná tàbí olè ló fà á.

Níbo ni Albert Dock wà, báwo ló sì ṣe tóbi tó?

Ìlú Liverpool wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn England, níbi tí odò Mersey ti ń wọ inú òkun. Àárín ìlú náà gan-an ni dọ́ọ̀kì yìí wà. Ilé ìkẹ́rùsí márùn-ún ni, wọ́n tò wọ́n yí adágún omi kan ká, omi yẹn ni ọkọ̀ ń wọ̀ wá já ẹrù. Ilé alájà márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìka yàrá abẹ́ ilẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá da gbogbo àyè tí wọ́n lè to ẹrù sí nínú wọn pọ̀, ó lé ní mílíọ̀nù kan ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó.

Ṣé ọkọ̀ kò lè gúnlẹ̀ sí etí odò kó já ẹrù rẹ̀ ni? Kí ni wọ́n ń fi dọ́ọ̀kì ṣe?

Mersey kì í ṣe odò tí ènìyàn lè fọkàn tán. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi rẹ̀ ń kún tó tún ń fà, bó bá sì lágbára jù, ìyàtọ̀ láàárín kíkún àti fífà rẹ̀ máa ń súnmọ́ mítà 10. Ọkọ̀ tó léfòó láàárọ̀ lè jókòó sínú ẹrẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó wà nínú rẹ̀, kí ara rẹ̀ sì là. Ohun tí wọ́n fi borí rẹ̀ ni pé wọ́n gbẹ́ adágún sí ẹ̀gbẹ́ odò, wọ́n fi òkúta mọ ògiri rẹ̀, wọ́n sì fi ìlẹ̀kùn ńlá sí ẹnu rẹ̀. Bí omi bá kún, wọn á ṣí ìlẹ̀kùn kí ọkọ̀ wọlé. Kó tó fà, wọn á tì í. Odò lè fà títí, omi inú dọ́ọ̀kì kò ní kúrò níbi tó wà.

Liverpool ló kọ́kọ́ ṣe irú èyí fún òwò ọkọ̀ ní gbogbo àgbáyé. Thomas Steers ni ẹnjiníà tó kọ́ ti àkọ́kọ́, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 1715. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn ń tẹ̀lé òmíràn, títí dọ́ọ̀kì fi tò lọ bẹẹrẹ létí odò náà. Àmọ́ ìṣòro kan ṣẹ́ kù. Àárín ìlú ni ọ̀pọ̀ ilé ìkẹ́rùsí wà, lójú pópó, lábẹ́ ẹni aládàáni kọ̀ọ̀kan. Wọn á já ẹrù sílẹ̀ létí omi, ẹrù á sùn síta gbangba, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin á tó wá kó o. Láàárín kí ẹrù kúrò nínú ọkọ̀ àti kó dé inú ilé, ọwọ́ tó ń kàn án pọ̀. Àpò ṣúgà tó kúrò nínú ọkọ̀ ní kíkún lè dé ilé ìkẹ́rùsí ní ààbọ̀.

Ta ló yàwòrán rẹ̀ tó sì kọ́ ọ?

Jesse Hartley ni. Wọ́n bí i lọ́dún 1780 ní Pontefract, ní agbègbè Yorkshire. Iṣẹ́ òkúta gbígbẹ́ ló kọ́, afárá ló sì ń ṣe kí ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn dọ́ọ̀kì Liverpool tó gbà á síṣẹ́ lọ́dún 1824. Kò kọ́ dọ́ọ̀kì rí kó tó débẹ̀. Síbẹ̀ kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ó fi kú lọ́dún 1860, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí dọ́ọ̀kì kan ní Liverpool tí kò fọwọ́ kàn, yálà ó kọ́ ọ ni tàbí ó tún un kọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tó jẹ́, ògiri rẹ̀ ni kí ẹ wò. Òkúta akọ ló fẹ́ràn, ìgbìmọ̀ dọ́ọ̀kì sì ní ibi ìfọ́kùúta tirẹ̀ ní Kirkmabreck, ní Scotland, láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbé òkúta wá fún un. Àwọn òkúta yìí kì í dọ́gba. Ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó bá ibi tí wọ́n fẹ́ kì í bọ̀ mu, débi pé ọ̀bẹ kò ráyè wọ àárín wọn. Ẹni tó mọ ògiri báyìí kò retí pé kí ẹnikẹ́ni tún un mọ lẹ́yìn òun.

Philip Hardwick, ayàwòrán ilé láti London, náà dá sí i. Òun ló yàwòrán àwọn ilé ìkẹ́rùsí St Katharine Docks ní London, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1828, níbi tí ilé ti súnmọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù fi ń ti inú ọkọ̀ bọ́ sínú ilé. Ibẹ̀ ni Hartley ti mú èrò yẹn, ó sì mú un kọjá ibi tí London bá a dé. Ohun tó hàn jù lára iṣẹ́ Hardwick ní Albert Dock ni ilé kékeré kan ní igun rẹ̀, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń darí wíwọlé àti jíjáde ọkọ̀. Òpó mẹ́rin ńlá ló wà níwájú rẹ̀, bí ti tẹ́ńpìlì àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́. Ẹni tó bá rí i á rò pé òkúta ni. Irin ni, látòkè délẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀rù iná fi bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Ojú àwọn oníṣòwò Liverpool ti rí màbo. Pákó ni wọ́n fi tẹ́ àjà ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́, igi ni òpó, igi ni òrùlé. Ẹ wá fojú inú wo òwú, ṣúgà, ọtí líle àti epo tí wọ́n kó jọ sínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ilé mìíràn tún wà ní ìgbátí rẹ̀. Bí ẹyọ kan bá gbiná, àdúgbò ló ń lọ. Iná ńlá tó jó àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní agbègbè Formby Street lọ́dún 1842 ba ọjà jẹ́ débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Liverpool mọ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin lọ́dún 1843 lórí bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní ìlú náà.

Hartley kò dúró de iná yẹn. Àwòrán rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú, àwọn aṣòfin sì ti fọwọ́ sí kíkọ́ dọ́ọ̀kì náà lọ́dún 1841. Ohun tí iná ọdún 1842 ṣe ni pé ó pa ẹnu àwọn tó ń sọ pé owó rẹ̀ ti pọ̀ jù mọ́.

Báwo ni Hartley ṣe mọ̀ pé ilé òun kò ní jó?

Ó dáná sun ún. Ó kọ́ ilé kékeré kan tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 18, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, nínú ọgbà iṣẹ́ dọ́ọ̀kì, ó kó igi àti ọ̀dà kún inú rẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Ó gbé oríṣiríṣi ọ̀nà ìkọ́lé yẹ̀ wò kó tó mú èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn: irin, bíríkì, òkúta yanrìn àti òkúta akọ.

Èmi fẹ́ràn apá yìí nínú ìtàn náà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní ayé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ń fi ẹnu lásán sọ pé ilé àwọn kò lè jó. Ọkùnrin yìí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sínú iná.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ fi irin rọ́pò igi o. Charles Bage ti fi òpó àti ìdábùú irin kọ́ ilé-iṣẹ́ òwú ọ̀gbọ̀ ní Ditherington, ní ìlú Shrewsbury, lọ́dún 1797, àwọn ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti ìgbà náà. Ohun tó jẹ́ tuntun ní Albert Dock ni pé odindi dọ́ọ̀kì, pẹ̀lú gbogbo ilé tó yí i ká, ni wọ́n ṣe lọ́nà tí iná kò fi ní rí nǹkan jẹ lára rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn ní ayé nígbà náà.

Báwo ni irin, bíríkì àti òkúta ṣe ń di ilé náà mú láìsí igi?

Oríṣi irin méjì ló wà níbẹ̀, ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ní mọ ọgbọ́n tó wà nínú ilé náà. Irin dídà ni èyí tí wọ́n yọ́, tí wọ́n dà sínú ohun tó bá ìrísí tí wọ́n fẹ́ mu. Ó lè gbé ẹrù tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bó ti wù kó wúwo tó. Ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ń fà á, ó máa ń ṣẹ́ lójijì, kò ní kọ́kọ́ tẹ̀ kí ojú rí i. Irin rírọ, èyí tí wọ́n fi òòlù àti ẹ̀rọ lù nígbà tó gbóná, ló lè fara da ìfà.

Hartley fi irin dídà ṣe àwọn òpó, nítorí títẹ̀ mọ́lẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ òpó. Ó dà á ṣe àwọn ìdábùú pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ìrísí lẹ́tà Y tó dorí kodò, kí irin lè pọ̀ nísàlẹ̀ níbi tí ìfà ti máa ń pọ̀ jù. Láti ìdábùú kan sí èkejì, ó to bíríkì lọ, ó mú un tẹ̀ kọrọdọ. Èyí ni àjà ilé náà: bíríkì lókè, bíríkì nísàlẹ̀, kò sí pákó láàárín. Àmọ́ bíríkì tó bá tẹ̀ báyìí kì í jókòó jẹ́ẹ́, ńṣe ló máa ń ti ìdábùú méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síta. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí àwọn ọ̀pá irin rírọ tó na láti ìdábùú dé ìdábùú, tí wọ́n so wọ́n pọ̀ kí wọ́n má baà sá fún ara wọn.

Ògiri ìta jẹ́ bíríkì, ó nípọn gan-an nísàlẹ̀, ó ń fẹ́lẹ́ bó ti ń gòkè. Irin ni wọ́n fi ṣe fèrèsé. Òrùlé wá ni ìyanu: páànù irin rírọ ni wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ ara wọn títí gbogbo rẹ̀ fi di awọ kan ṣoṣo, awọ náà fúnra rẹ̀ ló sì ń gbé ara rẹ̀ ró. Bí wọ́n ṣe ń kan ara ọkọ̀ ojú omi onírin nìyẹn, orí ilé ni Hartley gbé e lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí igi kankan níbẹ̀?

Nínú ilé, kò sí igi tó ń gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n ẹ wá ìsàlẹ̀ wò. Ilẹ̀ etí odò rọ̀, nítorí náà ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi gbọọrọ ni wọ́n gbá wọlẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìpìlẹ̀ lé e. Igi tó bá wà nínú ilẹ̀ tútù tí afẹ́fẹ́ kò dé kì í jẹrà, iná kò sì lè bá a níbẹ̀. Lórí igi ni ilé tó ń sá fún igi jókòó lé.

Kí nìdí tí ilé fi bọ́ sí etí omi gẹ́lẹ́ báyìí, kí sì ni àwọn òpó ńlá yẹn wà fún?

Olè ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Bí ògiri ilé bá dúró sí etí omi, ẹrù kò ní sùn síta mọ́. Láti inú ọkọ̀, wọn á gbé e sókè tààrà, wọn á sì fà á wọlé láti ẹnu ilẹ̀kùn àjà tí wọ́n fẹ́ kó o sí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n tún mọ odi yí gbogbo rẹ̀ ká, ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà jáde sì ní ẹ̀ṣọ́.

Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ṣì nílò ibi tí wọn yóò dúró sí, tí wọn yóò ti yẹ ẹrù wò, tí wọn yóò wọ̀n ọ́n. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ ilé fi ṣófo, tí òpó irin gíga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 15 fi gbé àjà òkè dúró. Inú àwọn òpó náà kò dí. Ní àwọn ibì kan, ògiri tó wà lókè òpó gbẹ́nu sókè ní ààbọ̀ òbìrìkìtì gbàràmù. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀rọ agbẹ́rù ni wọ́n ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ fún, kí apá rẹ̀ lè ráyè yí pẹ̀lú ẹrù.

Ṣé ènìyàn ló ń fọwọ́ fa ẹrù gòkè?

Fún ìgbà díẹ̀ ni. Lọ́dún 1848 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fi agbára omi gbé ẹrù wá síbẹ̀, irú èyí tí William Armstrong ti Newcastle hùmọ̀. Wọ́n á fún omi mọ́ inú ọ̀pá irin títí agbára rẹ̀ yóò fi ga. Bí wọ́n bá wá ṣí i, omi náà á ti irin kan síwájú, irin yẹn á sì fa okùn. Kò sí iná, kò sí ẹ̀ta iná, ohun tí wọ́n sì ń wá nìyẹn nínú ilé tó kún fún òwú. Kò sí ilé ìkẹ́rùsí mìíràn tó lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Ìgbà wo ni wọ́n ṣí i, èló ló sì ná wọn?

Ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1846 ni Prince Albert, ọkọ Ọbabìnrin Victoria, wá ṣí i, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Iṣẹ́ kò tíì parí lọ́jọ́ náà, ó di ọdún 1847. Owó tí wọ́n ná sí i ju 700,000 pọ́ùn lọ, owó gọbọi ni láyé ìgbà yẹn.

Irú ẹrù wo ni wọ́n ń kó síbẹ̀?

Ẹrù olówó iyebíye. Bùráńdì, tíì, ṣẹ́dà, tábà, òwú, ṣúgà, eyín erin. Nítorí pé ibẹ̀ ní ààbò, ìjọba gbà kí oníṣòwò kó ẹrù sí i láì tíì san owó ibodè, kó di ìgbà tó bá rí ẹni rà á. Èyí dùn mọ́ wọn nínú gidi, nítorí pé owó ibodè orí tábà àti ọtí kì í ṣe kékeré. Ọkọ̀ tó bá já ẹrù tán ní Albert Dock á sún sí Salthouse Dock tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò ti kó ẹrù àjò mìíràn.

Ṣé wọ́n kó àwọn ẹrú wa síbẹ̀ rí?

Rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ kò bára mu. Ọdún 1807 ni òfin Britain fòpin sí òwò ẹrú lórí òkun, ọdún 1846 ni wọ́n ṣí Albert Dock. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ọkọ̀ ẹrú Liverpool kì í sábà kó ènìyàn wá sí England. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń gbà lọ, wọn á kó àwọn ènìyàn lọ sí Amẹ́ríkà àti erékùṣù Caribbean, ṣúgà, tábà àti òwú ni wọ́n sì ń kó padà sílé.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọwọ́ ilé náà mọ́. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, Liverpool ló ń ṣe òwò ẹrú jù ní gbogbo Yúróòpù, owó yẹn sì wà lára ohun tí ìlú náà fi di ńlá. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Albert Dock pàápàá, ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ lóko òwú ní gúúsù Amẹ́ríkà títí di ọdún 1865, Liverpool sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ òwú náà ń gúnlẹ̀ sí. Epo pupa láti etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan ilẹ̀ wa, náà ń lọ sí ìlú kan náà, fún ọṣẹ àti fún ẹ̀rọ.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí yìí ni wọ́n fi ṣe International Slavery Museum, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, igba ọdún lẹ́yìn òfin ọdún 1807. Ọjọ́ yẹn ni ayé fi ń rántí ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú Saint-Domingue, tó ń jẹ́ Haiti lónìí, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1791. Agbo ilé Igbo kan tí wọ́n kọ́ wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn níbẹ̀, kí àlejò lè mọ̀ pé àwọn tí wọ́n kó lọ ní ilé, wọ́n ní ìdílé.

Ṣé àwọn ará ìgbà náà rí i bí ilé tó rẹwà?

Ọ̀pọ̀ wọn kò rí i bẹ́ẹ̀. James Picton, ayàwòrán ilé tó tún jẹ́ òpìtàn Liverpool, bẹnu àtẹ́ lù ú pé òkìtì bíríkì lásán ni, pé Hartley wá agbára, kò wá ẹwà rárá. Lónìí, àwọn ayàwòrán ilé ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó nítorí pé kò ní ọ̀ṣọ́. Lójú tèmi, Picton kò parọ́, ẹwà kọ́ ni Hartley ń wá. Àmọ́ bí ènìyàn bá dúró láàárín òpó wọ̀nyẹn, tó wo bí wọ́n ṣe tò lọ, tí kò sí èyí tó ṣe àṣerégèé, á ṣòro fún un láti gba ti Picton.

Bó bá dára tó báyìí, kí ló dé tí kò pẹ́ tó fi di aláìwúlò?

Ọkọ̀ onígbòkun ni wọ́n wọn dọ́ọ̀kì náà fún, èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju nǹkan bí 1,000 tọ́ọ̀nù lọ. Kò ju ogún ọdún lọ tí ọkọ̀ onírin tó ń lo ẹ́ńjìnnì fi gbòde. Wọ́n gùn, wọ́n fẹ̀, ẹnu dọ́ọ̀kì há mọ́ wọn. Ilé tó bọ́ sí etí omi, tó jẹ́ ọgbọ́n ńlá lọ́dún 1846, ti wá di ìdènà, nítorí pé ọkọ̀ ńlá nílò ilẹ̀ gbalasa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti kó ẹrù sí. Ta ló sì fẹ́ fọ́ ògiri Hartley láti fẹ̀ ẹ́ lójú? Agbára tó fi kọ́ ọ ni kò jẹ́ kó ṣeé tún ṣe.

Nígbà tó fi máa di ọdún 1920, ọkọ̀ òwò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ ibẹ̀ mọ́. Ilé ìkẹ́rùsí lásán ló kù. Wọ́n ti sọ apá kan rẹ̀ di ilé yìnyín àti ibi ìpamọ́ ohun tútù láti ọdún 1899.

Ogun Àgbáyé Kejì ńkọ́?

Àwọn ọmọ ogun ojú omi gbà á fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọn. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì bà á, pàápàá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941 nígbà tí wọ́n rọ òjò bọ́ǹbù sórí Liverpool. Apá kan wó. Èyí tó pọ̀ jù dúró.

Kí ló dé tí wọn kò wó o lẹ́yìn ogun?

Wọ́n gbìyànjú. Lọ́dún 1952, ìjọba kọ ọ́ mọ́ àwọn ilé tí òfin dáàbò bò ní ipò kìíní, ipò tó ga jù ní England. Síbẹ̀ ìyẹn kò dá àwọn tó ní in dúró láti máa wá ẹni tí yóò rà á. Ní àwọn ọdún 1960, èrò wà pé kí wọ́n wó o kí wọ́n sì fi ọ́fíìsì olókè gíga rọ́pò rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n tún ní kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan kó wọbẹ̀. Owó kò tó, èrò ń yí padà. Ọdún 1972 ni wọ́n tì í pátápátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà burú. Wọ́n fi ìlẹ̀kùn omi sílẹ̀ ní ṣíṣí, Mersey ń wọlé ó ń jáde bó ṣe fẹ́, ẹrẹ̀ sì kún inú dọ́ọ̀kì bámúbámú. Ilé tí iná kò lè jó, tí bọ́ǹbù kò lè pa run, dúró lórí ẹrẹ̀ dúdú fún bí ọdún mẹ́wàá. Mo gbà pé òfin ràn án lọ́wọ́, mo sì gbà pé àwọn ará ìlú tó pariwo ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ká ní pákó àti bíríkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ìṣòro ọdún mẹ́wàá yẹn nìkan ì bá ti wó o kí ẹnikẹ́ni tó rántí rẹ̀.

Ta ló tún un ṣe?

Ìjọba dá Merseyside Development Corporation sílẹ̀ lọ́dún 1981 láti sọ etí odò náà dọ̀tun. Àwọn ló kó ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n tún ìlẹ̀kùn omi ṣe, omi sì padà sínú dọ́ọ̀kì. Lọ́dún 1983, wọ́n bá ilé-iṣẹ́ Arrowcroft ṣàdéhùn pé kó tún àwọn ilé náà ṣe. Apá àkọ́kọ́ ti wà ní sẹpẹ́ lọ́dún 1984, nígbà tí àwọn ọkọ̀ onígbòkun ńlá wá díje sí Liverpool. Merseyside Maritime Museum kó wọ ilé tirẹ̀ lọ́dún 1986. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1988, Prince Charles wá ṣí ibẹ̀ lákọ̀tun, Tate Liverpool, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà, sì ṣí ilẹ̀kùn lọ́dún kan náà. The Beatles Story, ilé àkójọ nípa ẹgbẹ́ olórin Beatles, tẹ̀lé e lọ́dún 1990. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń pè é ní Royal Albert Dock.

Èwo ni ti Hartley, èwo ni ti òde òní?

Ògiri, òpó, àjà bíríkì àti òrùlé irin jẹ́ ti àtijọ́, yàtọ̀ sí ibi tí ogun bà jẹ́ tí wọ́n tún mọ. Gíláàsì tó dí ẹ̀yìn òpó nísàlẹ̀ jẹ́ ti òde òní. Gbangba ni ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù. James Stirling, ayàwòrán ilé tó dàgbà sí Liverpool, ló sọ apá kan di Tate. Ó ṣọ́ra fún ìta, ó fi àwọ̀ búlúù àti ọsàn sí ẹnu ọ̀nà, ó sì yí inú padà púpọ̀. Àwọn kan ní ó yí i jù. Àjà ilé ìkẹ́rùsí kò ga, ògiri tí wọ́n lè gbé àwòrán ńlá kọ́ kò sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà mi ò mọ bí ì bá ṣe ṣe é tí kò fi ní fọwọ́ kan nǹkan.

Ṣé UNESCO ṣì kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé?

Rárá. Wọ́n kọ etí omi Liverpool, pẹ̀lú Albert Dock, sínú ìwé lọ́dún 2004. Lọ́dún 2012 wọ́n fi í sí ara àwọn tó wà nínú ewu, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2021 wọ́n yọ ọ́ kúrò. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ba Albert Dock jẹ́. Àwọn ilé gogoro tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ìhà àríwá, àti pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù Everton ní Bramley-Moore Dock, ló bí UNESCO nínú. Ipò kìíní tí òfin England fún ilé náà kò yí padà.

Ṣé ilé ìkẹ́rùsí mìíràn wà ní Liverpool tó yẹ ká wò pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹ lọ wo ilé tábà ní Stanley Dock. Lẹ́yìn Hartley ni wọ́n kọ́ ọ, ó parí lọ́dún 1901, bíríkì tó wọ inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 27. Àjà rẹ̀ kò ga rárá, nítorí pé ìwọ̀n àgbá tábà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ẹ wo ilé méjèèjì pọ̀, ẹ óò rí bí òwò ṣe tóbi sí i láàárín ọdún 55.

Bí mo bá lọ, kí ni kí n wò, ṣé màá sì sanwó?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ́fíìsì tí Hardwick yàwòrán rẹ̀ ní igun àríwá ìlà-oòrùn, ẹ fi ọwọ́ kan òpó rẹ̀ kí ẹ lè gbà pé irin ni. Orúkọ Dr Martin Luther King Jr. ni wọ́n fi pè é báyìí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ òpó pupa, ẹ gbójú sókè, ẹ wá àwọn ọ̀pá irin tó so ìdábùú pọ̀ lábẹ́ bíríkì. Tí ẹ bá wà ní etí omi, ẹ wo bí àwọn òkúta akọ ṣe kì bọ ara wọn.

Ẹ kò ní san kọ́bọ̀ láti rìn yí dọ́ọ̀kì náà ká. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin nítorí musíọ́ọ̀mù, ẹ yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò: Tate ti tì láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 fún àtúnṣe, ilé tí Maritime Museum àti International Slavery Museum wà náà sì tì fún iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.